Ìdọ̀bálẹ̀ Tàjúdéènì Ní Erékùṣù

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ sí ibùdókọ̀ ojú omi ní Hamburg ní òwúrọ̀ Sátidé, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Àlọ kò le. Ti àbọ̀ ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Mi ò sì ní dárúkọ erékùṣù náà, torí ẹni tó sọ ìtàn yìí fún mi bẹ̀ mí, ó ní kí n má pe àkíyèsí wọn. Mo bi í pé, "Àkíyèsí àwọn wo?" Ó ní kí n máa mu tíì mi.

Tàjúdéènì ni orúkọ ọkùnrin tó ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Hamburg, níbi tí wọ́n ti ń kó páálí kọ́fí jáde nínú kọ̀ǹténà. Kì í sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọ̀gá rẹ̀ fi rò pé kò gbọ́ èdè Jámánì, tó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe iṣẹ́ fún un bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Tàjú gbọ́. Kò kàn rí ohun tó fẹ́ fi dá a lóhùn ni.

Ọkùnrin yìí ló fẹ́ fẹ́ Àníkẹ́. Àníkẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù irun ní Moabit, ní Berlin. Ó ti lé ní àádọ́ta, ó ti sin ọkọ kan, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń bímọ. Láti àárọ̀ títí ṣúlẹ̀, ẹjọ́ oníbàárà ló ń gbọ́: ti ọkọ, ti ìyá ọkọ, ti pásítọ̀, ti ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Ìkòròdú. Ọjọ́ tí Tàjú gbé ẹrù irun kan wá fún un láti Hamburg, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí méjì, kò la ẹnu. Àníkẹ́ ní òun kò mọ̀ pé irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ṣì wà láyé. Ó fẹ́ ẹ. Òun náà sì fẹ́ Àníkẹ́ débi pé ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó ń lọ dákẹ́ níbẹ̀.

Ohun kan ló kù. Ẹ̀gbọ́n Àníkẹ́ ni, Ògúnjìmí, bàbá ìjọ aláṣọ funfun, ẹni tó ń bá àwọn èèyàn fi ẹrù ránṣẹ́ sílé. Òun ló tọ́ Àníkẹ́ nígbà tí bàbá wọn kú. Àníkẹ́ ti sọ ọ́ gbangba pé bí ẹ̀gbọ́n òun kò bá gbà, òun kò ní gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sílé ọkọ.

Tàjú pe Ògúnjìmí lórí fóònù.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán o. Ta nìyẹn?"

"Tàjúdéènì ni, sà."

"Ẹn-hẹ́n?"

Tàjú dákẹ́.

"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, sà."

"Ìwọ tó ń tọrọ ìyàwó, o ò lè sọ gbólóhùn méjì tẹ̀ léra. Mo bẹ̀rù ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀. A ò mọ ohun tó ń rò." Ó húkọ́. "Ó dáa. Ní Sátidé, ìjọ wa ń lọ gbàdúrà létí òkun, ní erékùṣù kan báyìí tí ìjọba fi ṣe Nationalpark, ọgbà tí wọ́n ń dáàbò bo ẹranko sí. Àwọn àgbà ẹbí wa méje wà láàárín wọn, èmi ni ìkeje. Wá kí wa. Bí a bá pè ọ́ ní àna, ó parí. Bí a ò bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀, má tún pe nọ́ńbà yìí mọ́."

Àníkẹ́ ló kọ́ ọ ní ohun tó máa ṣe.

"Bí o bá ti dọ̀bálẹ̀, má dìde títí wọ́n á fi ní kí o dìde. Àwọn ará ilé wa máa ń fi ìyẹn dán èèyàn wò. Ọkùnrin kan wá fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tó kọjá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dá dìde fúnra rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun."

"Kí ni wọ́n ṣe fún un?"

"Ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún. Kò rí ìyàwó."

Nígbà tí Sátidé máa fi dé, Tàjú ti múra. Bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀ funfun, ó wọ kóòtù òtútù lé e. Ó gbé báàgì ńlá kan dání: iṣu mẹ́ta, obì, orógbó, ìgò oyin kan àti páálí bísíkíìtì. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni ìjọ bá lọ. Tàjú parí iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ, ọkọ̀ kejì ló bá. Àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ ń wo orí iṣu tó yọ jáde nínú báàgì. Ọmọdébìnrin kan bi ìyá rẹ̀ bóyá ẹsẹ̀ erin ni. Ìyá náà dìde. Ó ṣí ìjókòó rẹ̀.

Wọ́n dé. Erékùṣù náà kò tóbi. Yanrìn, koríko, ilé iná kan fún àwọn atukọ̀, pákó tí wọ́n tò sílẹ̀ bí ọ̀nà. Olùṣọ́ ọgbà náà dúró sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin pupa kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lukas. Ó ní kí wọ́n má kúrò lórí pákó. Ó ní kí wọ́n má sún mọ́ àwọn ajá òkun, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ẹranko olórí rogodo tó ń sùn sí etí omi níbẹ̀. Ó ní òkun ti fà sẹ́yìn láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán, yóò padà.

"Àwọn aláṣọ funfun ńkọ́?" ni Tàjú bi í. Ìyẹn nìkan ni èdè Jámánì tó sọ lọ́jọ́ náà.

Lukas nawọ́. "Lẹ́yìn ilé iná. Bí o bá dé oríta, yà sí òsì."

Tàjú mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò tíì rìn jìnnà tí kùrukùru fi dé.

Kò rọra dé. Ó kàn bo ilẹ̀ ni, bí ìgbà tí èèyàn bá fi aṣọ bo ìkòkò. Ilé iná pòórá. Omi pòórá. Tàjú kò rí ju pákó méjì níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn ẹyẹ òkun ń ké lókè orí rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ariwo bí ọjà. Ó dé oríta. Ó dúró díẹ̀. Kò rántí èyí tí Lukas wí mọ́, ó yà sí ọ̀tún.

Pákó tán. Yanrìn tútù ló kù. Lójijì, àwọn ẹyẹ dákẹ́.

Wọn ò dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn pa ẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó rí wọn níwájú. Wọ́n dúró ní ìlà, wọ́n kọjú sí òkun. Wọ́n ga. Aṣọ wọn funfun, ó ń wọ́lẹ̀, etí rẹ̀ ṣẹ́ po ṣẹ́ po ní ìsàlẹ̀. Wọ́n tẹrí ba bí ẹni tó ń gbàdúrà ìdákẹ́jẹ́. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ wọn, ìsàlẹ̀ wọn wà nínú omi. Tàjú fojú kà wọ́n. Méje ni. Iye wọn pé.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó bọ́ kóòtù, kí wọ́n lè rí bùbá tó wọ̀ nítorí wọn. Ó gbé báàgì sí ẹ̀gbẹ́. Ó na gbalaja sórí yanrìn, àyà kan ilẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan.

"Ẹ kú ìdúró o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ kú àdúrà. Ẹ kú òtútù. Tàjúdéènì ni, tó wá tọrọ ọmọ yín."

Fún ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú yanrìn. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ pé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́, bó di ogún, òun kò ní mira. Ẹni tó ti ń gbé páálí kọ́fí fún ọdún mọ́kànlá, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yìn kékeré.

Ìdákẹ́jẹ́ gbilẹ̀. Ó ń gbọ́ ọkàn ara rẹ̀. Ó ń gbọ́ nǹkan kan tó ń wọ́ lórí yanrìn, kò mọ ohun tó jẹ́. Ó dúró. Nǹkan náà tún wọ́ díẹ̀ sí i. Tàjú ronú pé etí aṣọ àwọn àgbà ni.

Omi wọ bùbá rẹ̀ níbi ìdodo.

Ó tutù ju yàrá yìnyín níbi iṣẹ́ lọ. Ó gun àyà rẹ̀. Ó wọ abíyá. Tàjú fún eyín pọ̀. Omi dé etí òsì, ó yí orí sí ọ̀tún. Omi dé ọ̀tún. Ó rántí Àníkẹ́, bó ṣe ń yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rọra na àgbọ̀n sókè, bí ajá tó ń lúwẹ̀ẹ́. Kò dìde.

"Dìde, àna wa."

Ohùn obìnrin àgbà ni. Kò pariwo. Yorùbá ilé ni, tó mọ́ gaara, tí kò sí ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì kan nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún tí Tàjú ti wà ní Jámánì, kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìyẹn nìkan ti tó kó fura. Kò fura. Inú rẹ̀ dùn jù.

Ó dìde lórí eékún. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé, sà. Mo dúpẹ́."

"Kí lo gbé wá?" Ohùn ọkùnrin nìyí. Láti òpin ìlà ló ti wá.

"Iṣu ni, sà. Obì. Orógbó. Àti oyin."

Lẹ́yìn náà, ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré, bíi ti àwọn obìnrin ilé lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ó ní oyin," ni ohùn kejì sọ.

"A ti gbà ọ́," ni ti àkọ́kọ́ wí. "Máa lọ sínú ilé. Òtútù ń mú ọ."

Tàjú kò kẹ̀yìn sí àgbà rí láyé. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn títí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi kan pákó. Àwọn ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké padà. Ibẹ̀ ló dúró sí, tó ń gbọ̀n, tó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó gbọ́ ikọ́ Ògúnjìmí lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yíjú padà. Ògúnjìmí ń bọ̀ lórí pákó láti ọ̀nà òsì, pẹ̀lú àgbà mẹ́fà, gbogbo wọn nínú sùtánà funfun, gbogbo wọn ń bínú.

"Wákàtí kan àti ààbọ̀!" ni Ògúnjìmí ń wí. "A ti gbàdúrà tán, a ti jẹun tán, a ti fẹ́ bá ọ gba àwẹ̀. Níbo lo wà?"

Tàjú wo wọ́n. Ó tún yíjú wo etí omi.

"Ta ló da omi sí ọ lára?"

"Mo ti kí yín, sà."

"O kí wa níbo?"

"Níbẹ̀ yẹn. Ẹ ní kí n dìde."

Kùrukùru ṣí bó ṣe dé, lẹ́ẹ̀kan náà. Oòrùn là. Òkúta méje ló dúró sínú omi, òkúta ẹfun, gíga bí ilé alájà kan, tí òkun ti gé lára ṣẹ́ po ṣẹ́ po. Àwọn ajá òkun sùn yí ìdí wọn ká, wọ́n tó ogójì. Gbogbo wọn gbé orí sókè. Kò sí èyí tó wo Ògúnjìmí. Kò sí èyí tó wo àwọn àgbà. Tàjú ni wọ́n ń wò, bí àwọn ọmọ ilé ṣe ń wo ọkọ ìyàwó.

Báàgì náà ti ṣófo, ó ń léfòó.

Ògúnjìmí gba gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Tàjú ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń fa eyín. Nígbà tó dé ibi "àna wa", ìyá àgbà kan nínú wọn fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Atẹ́gùn ni," ni bàbá kan sọ. "Atẹ́gùn òkun máa ń dún bẹ́ẹ̀."

"Atẹ́gùn wo?" ni Ògúnjìmí dá a lóhùn. "Àwọn ọmọ tí a bí sí Jámánì níbí kò sọ Yorùbá. Ọmọ mi, èdè Jámánì ló fi ń dá mi lóhùn nínú ilé mi. Atẹ́gùn ló wá ń sọ ọ́?"

Wọ́n gbàdúrà díẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó pẹ́. Lójú ọ̀nà padà sí ọkọ̀, àwọn ajá òkun ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé wọn ní etí omi, wọ́n ń dúró bí Tàjú bá dúró. Ìyá àgbà yẹn ní kí ó jọ̀ọ́, kó má dúró mọ́.

Lukas sáré bá wọn lẹ́nu afárá ọkọ̀. Ó mú ìgò oyin dání. Ó ní òun rí i lórí pákó. Ìgò náà ti ṣófo, ó mọ́ tónítóní bí èyí tí wọ́n fọ̀. Wọ́n ti fi ọmọrí rẹ̀ dé e padà, wọ́n sì fún un le.

Déọlá, ọmọ ìjọ kan tó gbọ́ èdè Jámánì dáadáa, bá wọn bi í bóyá ẹnì kan máa ń sọ̀rọ̀ níbi òkúta yẹn. Ojú Lukas kúrò lára wọn.

"Ìyá mi ní Plattdeutsch, èdè àtijọ́ àwọn ará etí òkun níbí, ni wọ́n bá òun sọ," ló dáhùn. "Ìyá mi kò dá wọn lóhùn." Ó wo Tàjú. "Ìwọ ńkọ́? O dá wọn lóhùn?"

"Dájúdájú," ni Tàjú sọ ní Yorùbá, Déọlá sì túmọ̀ rẹ̀. "Wọ́n kọ́ mi nílé."

"Áà," ni Lukas wí. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra.

Nínú ọkọ̀, Ògúnjìmí kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé Hamburg. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, ó fa Tàjú sẹ́yìn.

"Gbọ́ mi. Mi ò ní o ṣe ohun tí kò dáa. O lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ rẹ ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pè ọ́ ní àna, o dúpẹ́, o gbé ẹrù kalẹ̀. Lójú tèmi, ọkọ ẹlòmíràn ni ọ́. Mi ò lè fi àbúrò mi ṣe ìyàwó kejì nílé tí mi ò mọ ìyálé."

"Ìyálé wo, sà?"

"Ìwọ ni kí o sọ fún mi!"

Tàjú lọ sílé rẹ̀. Ó ń gbé ní àjà kẹrin, ilé tí kò ní báńkónì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jí, ó ṣí fèrèsé. Ẹja mẹ́ta wà lójú fèrèsé níta, tútù, wọ́n ṣì ń dán. Wọ́n fi koríko òkun so wọ́n pọ̀ ní ìrù, wọ́n so wọ́n dáadáa, bí ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́. Tàjú wo ìsàlẹ̀. Ó wo òkè. Kò sí àkàbà. Omi ń kán lára ògiri láti ojú fèrèsé lọ sílẹ̀ pátápátá, ìlà kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Jímọ̀ kejì, ẹja mẹ́ta. Ọjọ́ Jímọ̀ kẹta, mẹ́ta. Àníkẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fóònù dún.

"Tàjú. Mo gbọ́ pé wọ́n ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo ń ṣe sí i?"

Tàjú dákẹ́.

"Tàjúdéènì. Ṣé o jẹ ẹ́?"

"Mo dín in, sà."

Ariwo tí Ògúnjìmí pa, oníbàárà mẹ́ta tó wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní wọ́n á padà wá lọ́la. "Ó jẹ oúnjẹ àna! Ó dín in! Ó tún fi ata sí i!"

"Díẹ̀, sà."

"Ó parí. Bí àwọn tó gbà ọ́ kò bá yọ̀ǹda rẹ, má fi ẹsẹ̀ rẹ tẹ Moabit mọ́."

Lọ́jọ́ náà, Tàjú jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Kò lọ sí iṣẹ́. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Kì í ṣe àwọn òkúta ló ń bà á lẹ́rù. Ó ń ro bí ọjọ́ ìsinmi ṣe máa rí, tí kò bá sí ọkọ̀ ojú irin tó máa wọ̀ lọ sí ibì kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àníkẹ́ sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Altona ní Hamburg. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó wọ bàtà òjò.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn kan ti gba ọkọ mi," ló wí. "Mo fẹ́ rí wọn."

"Àníkẹ́, má lọ."

"O ti sọ̀rọ̀ tó fún oṣù yìí. Jẹ́ ká máa lọ."

Ojú ọjọ́ mọ́ kedere lọ́jọ́ náà. Kò sí kùrukùru rárá. Òkun ti fà sẹ́yìn. Lukas rí Tàjú, ó ṣí fìlà. Kò ka òfin kankan fún wọn.

Àníkẹ́ ní kí Tàjú dúró sórí pákó. Ó dá rìn lọ sórí yanrìn, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń lọ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ìdí àwọn òkúta, ó tún ìró rẹ̀ fún. Ó kúnlẹ̀.

Àwọn ẹyẹ dákẹ́.

Tàjú kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó rí ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ ọwọ́ yẹn. Bó ṣe máa ń ju ọwọ́ nìyẹn bí oníbàárà bá ní kó dín owó irun kù. Ó nawọ́ síhìn-ín. Ó nawọ́ sọ́hùn-ún. Ó gbọn orí: rárá. Ó dákẹ́, ó ń gbọ́. Ó tún gbọn orí. Ó fi ìka kan hàn wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó tẹ́tí fún ìgbà pípẹ́. Kò ju ọwọ́ mọ́. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í padà. Ajá òkun kan wọ́ jáde láti ẹ̀yìn òkúta tó wà ní ìparí, kékeré kan, tó funfun ju àwọn yòókù lọ. Ó gbé orí rẹ̀ lé ìró Àníkẹ́. Àníkẹ́ kò ta á dànù. Ẹnu rẹ̀ mì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Tàjú rò pé "ó dáa" ni.

Lukas ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìgbà wo, Tàjú kò mọ̀.

"Ìyàwó rẹ le," ni Lukas sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kò tíì di ìyàwó mi," ni Tàjú sọ.

Lukas wo ibi tí Àníkẹ́ kúnlẹ̀ sí. "Ó ti dà á báyìí," ló wí.

Àníkẹ́ padà wá. Orúnkún rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ tutù.

"Ó ti parí," ló wí.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ọ̀rọ̀ obìnrin ni."

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti inú ọkọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti yọ̀ǹda rẹ̀."

"Báwo ni wọ́n ṣe yọ̀ǹda rẹ̀? Kí ni wọ́n gbà?"

"Ṣé kí n fún yín ní ọ̀nà ibẹ̀, kí ẹ lọ bi wọ́n?"

"Rárá o," ni Ògúnjìmí dáhùn kíá. "Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo gbà."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Tàjú wọ ilé Ògúnjìmí ní Moabit pẹ̀lú àwọn ará ilé tirẹ̀. Àyà rẹ̀ kò tíì kan kápẹ́ẹ̀tì tí Ògúnjìmí fi kígbe, "Dìde! Dìde, àna wa, kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ògúnjìmí kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo fèrèsé.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ẹja kò wá mọ́. Tàjú ń sùn, ó ń jí, ó ń lọ sí iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń wọ bọ́ọ̀sì ní ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láti imú.

Àníkẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá sí Hamburg. Yàrá Tàjú kéré, wọ́n wá ilé míì. Ní oṣù kẹta, wọ́n rí ọ̀kan ní Altona. Tàjú rò pé yàrá méjì tó wọn. Àníkẹ́ ní mẹ́ta ni. Ó ní kí ọ̀kan kọjú sí odò. Tàjú kò bi í ní ìdí rẹ̀. Kì í béèrè nǹkan.

Wọ́n lọ kọ fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì onílé. Akọ̀wé tó gbà wọ́n lálejò ń jẹ́ Julian, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, tó ń mu omi nínú ife ńlá. Ó fa àga wá fún wọn. Àníkẹ́ ń fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́: orúkọ, ọjọ́ ìbí, iṣẹ́. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè iye èèyàn tó máa gbé inú ilé náà. Kò dúró rò ó. Ó kọ nọ́ńbà kan, ó ti ìwé náà sí ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

Tàjú wò ó. Mẹ́ta ni.

"Àníkẹ́."

"Hẹn."

"Mélòó la jẹ́?"

Àníkẹ́ ń fi ìka gbọn ìró rẹ̀, bó ṣe ti ń ṣe láti ìgbà yẹn, bí ẹni tó ń gbọn yanrìn dànù. "Wọ́n ní ọmọ funfun kékeré yẹn kò lè máa dá gbé níbẹ̀," ló wí. "Mo ní ẹnì kan péré. Méjì ni wọ́n fẹ́ kó fún wa. Fọwọ́ sí i, Tàjú."

Tàjú wo ìyàwó rẹ̀. Ó ro Moabit. Ó ro ọjọ́ tó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà iṣẹ́. Ó mú bírò. Ó fọwọ́ sí i.

Julian gba ìwé náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wo Tàjú. Ó wo Àníkẹ́. Ó wá wo àga kẹta, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àníkẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Tàjú kò rántí pé Julian fa àga mẹ́ta wá.

Julian rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àga náà. Ó lu ìwé ní òǹtẹ̀. Ó sì ti ife omi rẹ̀ síwájú àga náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ẹnì kan ti tọrọ omi lọ́wọ́ rẹ̀.